Inú Fu, Àyà Fu: Omi Òkè-Oòyè àti Ìpayà Tí Ń Gbé Inú Wa

Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, inú wa kì í ṣe tiwa mọ́. Ẹ̀bà tí a jẹ lálẹ́ á kọ̀, kò ní dà. Tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni pé àwọn kan ń jà nínú rẹ̀. Ọwọ́ á tutù, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn, ilé ìyàgbẹ́ á wá di ibi tí à ń lọ tí à ń bọ̀. Àwa tí a dàgbà láàárín Òṣogbo àti Iléṣà mọ ìrìn yẹn dáadáa: àárọ̀ WAEC, àárọ̀ JAMB, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò fún iṣẹ́, ọjọ́ tí onílé ní òun ń bọ̀ wá gba owó. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ní kí dẹ́rẹ́bà dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ìdánwò, ó sáré wọ igbó, gbogbo ọkọ̀ sì dúró dè é. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín títí ọkọ̀ fi dé gáréèjì.

Kò sẹ́ni tó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí èyí. Ìyá àgbà kan wà nílé wa tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń sọ: "Lọ bọ́jú. Mu omi díẹ̀. Wá jókòó tì mí." A rò pé ó kàn fẹ́ ká fi òun lọ́rùn sílẹ̀ ni. Ìgbà tí a wá ń ka ìtàn Iléṣà la rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa, àti pé ìgbà kan wà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kóra jọ sórí òkè kan nínú ìlú náà nítorí ohun tó jọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí èdè wa ń sọ. Yorùbá kò pààlà púpọ̀ sáàárín ikùn àti ọkàn. Inú ló ń dùn, inú ló ń bí ni, inú ló ń bàjẹ́. Ẹni tó ń fura pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, inú ń fu ú, àyà ń fu ú. Tí ẹ̀rù bá dé lójijì, àyà já. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá rọlẹ̀, a ní ọkàn balẹ̀, bí ẹni pé ọkàn náà ti ń fò kiri láti àárọ̀ tí kò rí ibi bà lé. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá èdè yìí dé ibi tó ti dé ni. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára tó wà lára ìfun ènìyàn lé ní mílíọ̀nù 100. Wọ́n tún rí i pé iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus ń gbé ìròyìn láàárín inú àti ọpọlọ, àti pé ìròyìn tó ń ti inú gòkè pọ̀ ju èyí tó ń ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ̀rù bá bà wá, ara á ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré fún ẹranko: ẹ̀jẹ̀ á lọ sí ẹsẹ̀, oúnjẹ á dúró sínú ikùn, ìfun ìsàlẹ̀ á sì máa kánjú. Ẹni tó ní inú òun ń dà rú kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kò rí oorun sùn. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ní 1928, òun ló ń wa ẹ̀rọ ràgàjì tí wọ́n fi ń tẹ títì fún P.W.D. lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, ní oṣù September ọdún yẹn ni ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́, tí oorun sì kọ̀ láti kùn ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó di October, ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní agbègbè Ìkéjì-Àrákéjì. Wọ́n ní ó gbọ́ ohùn kan tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó lọ máa wàásù. Ó sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Ìkéjì-Àrákéjì títí di òní.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á máa gba ohùn yẹn gbọ́, àwọn míì á mi orí. A ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀sẹ̀ kan tí kò sùn yẹn ló gba àfiyèsí wa, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń sáré kọjá níbẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ibi ohùn. Awakọ̀ ìjọba, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó dùbúlẹ̀ lálaalẹ́ tó ń wo òrùlé: ọjọ́ orí wa náà nìyẹn. A mọ òrùlé yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní July 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle péjọ sí Iléṣà láti parí aáwọ̀ kan tó wà láàárín wọn. Ọ̀nà tó gbé ìjọ yìí dé ibẹ̀ jìn díẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ẹgbẹ́ àdúrà jọ. Joseph Ṣadare ló ṣáájú wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sì wà pẹ̀lú wọn. Ojú wọn ti rí i pé oògùn òyìnbó kò ran àrùn náà, oògùn ìbílẹ̀ kò ràn án. Wọ́n pinnu pé àwọn ò ní lo oògùn kankan mọ́, àdúrà nìkan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n bá ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yìí dọ́rẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà àti ìwé ìròyìn, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀. D. O. Ọdúbánjọ ń ṣe aṣáájú ní Èkó, Isaac Akínyẹlé, tó padà di Olúbàdàn, ń ṣe aṣáájú ní Ìbàdàn. Ní Iléṣà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Babatọ́pẹ́ ni.

Babalọlá bá wọn wá sí ìpàdé yẹn. Wọ́n ní bí ìpàdé ṣe ń lọ lọ́wọ́ ló gbàdúrà fún ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti gbà pé ó kú, ọmọ náà sì dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo àdúgbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Òkè-Oòyè kò gbèrò mọ́. Wọ́n ń bọ̀ láti Èkìtì, láti Oǹdó, láti Òṣogbo, láti Ìbàdàn, àwọn tó lè rìn ń rìn, àwọn tí kò lè rìn ń bọ̀ lórí ẹ̀yìn ọmọ. Wọ́n gbé korobá, ìkòkò, agbè àti ìgò dání láti fi gba omi tí Babalọlá gbàdúrà sí. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Àwọn míì ń kó òǹdè àti ìgò àgbo wọn wá dà sílẹ̀. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ náà ń sọ ni pé àwọn aláìsàn tiẹ̀ ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn Wesley Guild tó wà nínú ìlú kan náà, wọ́n ń gba òkè lọ.

Àrùn kí ló kó gbogbo èrò yìí jáde? Afọ́jú wà níbẹ̀, arọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń wá ọmọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ́dún yẹn gan-an. Kòkó ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ níṣẹ́ ìwé, òun ni wọ́n fi ń gbéyàwó. Láti ìparí 1929 tí ọrọ̀ ajé ayé ti dojú dé, owó kòkó já wálẹ̀. Owó orí ìjọba kò sì bá a já. Ó ṣì kù sí i: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òṣómàáló. Òun ló ń gbé aṣọ wọ abúlé dé abúlé, tó ń ta á láwìn, tó sì ń padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín tí a bá gbọ́ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń gbọ́ ikọ́ òṣómàáló níta, tí kòkó rẹ̀ kò sì tà. Ẹ ronú sí òṣómàáló náà, tí òun fúnra rẹ̀ gba aṣọ yẹn láwìn lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn méjèèjì, inú wọn ń dà rú lórí òṣùwọ̀n aṣọ kan ṣoṣo.

Ẹ fi àrùn eku kún un, tó ń pa ènìyàn l'Ékòó láti 1924. Ẹ fi ṣọ̀pọ̀ná kún un. Ẹ fi ìbẹ̀rù àjẹ́ kún un, nítorí nígbà tí nǹkan bá le báyìí, ojú kì í pẹ́ kọ sí ara ilé ẹni. A ò sọ pé kò sí àìsàn gidi lórí òkè yẹn o. Ohun tí à ń sọ ni pé ìpayà wà nínú àìsàn wọn, ó ti wọ inú oúnjẹ, ó ti wọ inú oorun. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tó wọ oògùn sọ́rùn, ó tún ní láti máa bẹ̀rù kí oògùn náà má bàjẹ́, kí ọ̀tá má ní èyí tó ju tiẹ̀ lọ. Ìgbà tó dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn ní Òkè-Oòyè, ìbẹ̀rù kan jáde lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èrò tiwa nìyẹn, a sì rò pé a ò jìnnà sí òótọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe lórí òkè? Wọ́n ń fi omi bọ́jú, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń fi wẹ̀. Agogo ń dún. Wọ́n ń kọrin láti òru mọ́jú, wọ́n ń pariwo Halelúyà, ẹnì kan kì í sì dá wà níbẹ̀. Ẹ bá wa wò ó dáadáa: bọ́jú, mu omi, jókòó tì mí.

Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé tí omi tútù bá kan ojú, ara ní ọ̀nà kan tó fi ń dín lílù ọkàn kù. Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn, ó wà lára ẹni tó gbàgbọ́ àti ẹni tí kò gbàgbọ́. Orin náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ìpayà mú máa ń mí kúkúrú-kúkúrú, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ẹsẹ orin kan tán kó má mí síta lọ́ọ́rọ́. Mímí síta tó gùn yẹn ni àwọn dókítà fi ń kọ́ àwọn aláìsàn wọn báyìí láti mú ọkàn rọlẹ̀. Ní ti jíjókòó ti ara ẹni, ẹni tó bá ti fi ìpayà sin ara rẹ̀ sínú yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta mọ bó ṣe rí kí ẹnì kan kàn wá jókòó lẹ́bàá òun, kó má tiẹ̀ sọ nǹkan kan.

Omi yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí agbègbè yẹn ní 1930. Nǹkan bí 30 kìlómítà sí Iléṣà ni Òṣogbo wà. Níbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olóòṣà ti ń sọ pé omi tútù lásán ni Ọ̀ṣun fi ń wo ọmọ, láìsí ewé, láìsí egbò. Ohun tí wọ́n ń wá nínú omi náà ni ẹ̀rọ̀, ohun tó ń mú kí nǹkan líle dẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n rí nínú omi ìgbín. Ní oṣù August, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá lọ sódò, àwọn tó tẹ̀ lé e kì í padà lọ́wọ́ òfo, ìgò àti kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọnmi. Ẹ má sọ pé àwa la wí i, nítorí tí ẹ bá sọ fún aládùúrà pé omi ìyè àti omi Ọ̀ṣun jọ ń rìn, á bínú. Olóòṣà náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ dunnú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé korobá gun Òkè-Oòyè ní 1930, ìyá rẹ̀ ti fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ rí nígbà tí ara rẹ̀ gbóná. Ara rẹ̀ ti mọ̀ kí wàásù tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le nìyí. Nígbà tí wàhálà ìjọba amúnisìn pọ̀ lọ́rùn wọn, àwọn aṣáájú ìjọ náà ké sí ìjọ Apostolic láti Bìrìtìkó. Àwọn òyìnbó mẹ́ta wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1931. Ní 1932, George Perfect àti Idris Vaughan dé láti wá bá wọn ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa fi rí i pé àwọn òyìnbó yìí ń gbé kuníìnì mì. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní Ọlọ́run ń wonisàn ni? Àwọn òyìnbó ní kuníìnì ló ń gba àwọn lọ́wọ́ ibà ilẹ̀ yìí, pé ìgbàgbọ́ kò ní kí èèyàn máa dán ara rẹ̀ wò. Àwọn Babalọlá, Akínyẹlé àti Ọdúbánjọ kò gbà. Láàárín 1939 sí 1941, ìjọ pín sí méjì. Apá kan dúró ti àwọn òyìnbó, apá kejì di Christ Apostolic Church, tó fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Ìjọ ńlá méjì ló tara oògùn ibà jáde, ẹ gbọ́ ná.

Àwa, ẹ̀yìn kuníìnì la wà. Ẹ̀fọn kì í gbọ́ orin. Kòkòrò ibà tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọkàn ẹni balẹ̀ tàbí kò balẹ̀, á kàn máa jẹ ẹ̀jẹ̀ lọ ni. A kò sì lè pe àwọn tó kọ kuníìnì ní òpè, nítorí wọ́n rí 1918, wọ́n rí ibi tí oògùn ti já ènìyàn kulẹ̀, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ẹni tó dìde lórí òkè láìfi nǹkan kan sẹ́nu ju omi. Ẹni tó dìde yẹn, bóyá ìpayà ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibà ló dè é. Omi kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó mọ bí yóò ṣe ya inú tó ń bẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára inú tó ń ṣàìsàn, títí di òní sì ni àwọn kan nínú wa ń ṣe é ní òdìkejì: wọ́n ń gbé oògùn inú rírun mì lójoojúmọ́ fún ohun tó jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀gá wọn ní ibi iṣẹ́ ni. Bí ara bá ń gbóná, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ẹni náà bá ń rù, bí ìrora bá ń jí i lóru, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ìpayà kò bá sì fi ẹni sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lọ́nà ọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn náà ló kàn. Wesley Guild ṣì wà ní Iléṣà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìtàn yìí náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ń ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta. Ó ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé tó ń sọ pé orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn kiri nínú agbárí àwọn, pé ojú àwọn ń wo ìwé ṣùgbọ́n nǹkan kan kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, òun sì kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé gbogbo ẹbí ló dá owó ilé ìwé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń ru ìrètí ilé mẹ́ta lórí. Ní Arò yẹn náà, láti 1954, ni Thomas Adéoyè Lámbò ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ará ilé aláìsàn kan sì bá a wá láti dúró tì í. Lámbò kì í ṣe ẹni tó kọ oògùn. Ó ń lò ó. Ó kàn rí i pé oògùn nìkan kò tó bí ẹni náà bá dá wà.

Odò Ọ̀ṣun ti yí padà báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da omi rú, omi tó ń dé Òṣogbo ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun má mu ún. Àwọn kan ṣì ń pọn ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa tán, torí ọ̀dọ̀ Iléṣà, ìlú omi ìyè, ni ẹ̀gbin yẹn ti ń ṣàn wá bá omi Òṣogbo. Tí a bá fẹ́ bọ́jú lónìí, omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ la fi ń bọ́ ọ, ọkàn sì ń rọlẹ̀ bákan náà.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ń lọ sí Iléṣà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Inú ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì Òṣogbo. Ìyá kan jókòó tì í, ìgò omi kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Nígbà tí kọndọ́ wá gba owó, ìyá náà gbé ìgò yẹn lé e lọ́wọ́ kí òun lè tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun. Kò sọ bóyá odò ni ó ti pọn ọ́n àbí orí òkè. Ìgò náà tutù. Ó dì í mú títí ìyá náà fi gba ṣéńjì rẹ̀, ìyá náà wò ó lójú, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n? Mú un dání, má tíì gbé e fún mi." Ó mú un dání dé Iléṣà.